Ogun Tí Kò Gbọ́ Pé Ogun Ti Parí: Ìtàn Àdó Olóró Abẹ́lẹ̀

Ní ọdún 1886, àwọn ọmọ ogun Dàhòmì wọ ìlú Kétu, wọ́n dáná sun ún, wọ́n sì kó àwọn ará ìlú tí ó ṣẹ́kù lẹ́rú. Odi amọ̀ tí ó yí ìlú náà ká àti yàrà jíjìn tí a gbẹ́ sí ẹ̀yìn odi ti ń dá ọ̀tá dúró láti ayébáyé kí ọjọ́ burúkú náà tó dé. Nígbà tí àwọn Faransé ṣẹ́gun Dàhòmì, àwọn ọmọ Kétu tí ẹ̀mí wọn ṣẹ́kù bẹ̀rẹ̀ sí í padà sílé láti ọdún 1893. Àlàpà ni wọ́n bá, igbó sì ti bo àgbàlá àwọn baba wọn. Síbẹ̀, ilẹ̀ gbà wọ́n. Ẹni tí ó bá gbé ọkọ́ lọ́wọ́ lè bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ebè ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí ó dé. Yàrà ogun ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ń rí i, ọmọdé tí ń sáré sì lè yà fún un. Ẹnubodè Àkàbà Ìdènà dúró títí di òní, àwọn àlejò ń lọ wò ó, kò sì pa ẹnikẹ́ni lára.

Mo fi ìtàn yìí ṣáájú kí a lè mọ ohun tí ó yí padà nínú ọ̀rọ̀ ogun láàárín nǹkan bí àádọ́jọ ọdún sẹ́yìn. Ní ayé àtijọ́, bí ogun bá ti parí, ohun ìjà a sùn. Ẹni tí ó mú ìbọn a gbé e kọ́, ẹni tí ó mú idà a fi í sínú àkọ̀. Ohun ìjà tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ nínú àròkọ yìí kì í sùn. Àwọn elédè Faransé ń pè é ní mine antipersonnel. Àwa yóò pè é ní àdó olóró abẹ́lẹ̀. Àwọn ọ̀gágun lè jókòó, kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà, kí wọ́n sì bọ ara wọn lọ́wọ́. Àdó olóró tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ kò ní etí tí yóò fi gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ó jẹ́. Bí a bá yọ orúkọ oríṣiríṣi tí àwọn oníṣẹ́ ogun fún un kúrò, ohun mẹ́rin ni ó para pọ̀ di àdó olóró abẹ́lẹ̀: ìkòkò tàbí àpótí kékeré tí ó gbé e ró, ohun tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ tàbí okùn tín-ín-rín tí ẹsẹ̀ ń kọ̀, ohun kékeré tí ń ṣáná, àti ẹ̀tù tí ń bú. Ẹ̀yà méjì ni ó wọ́pọ̀ jù. Ọ̀kan wà lábẹ́ ilẹ̀ gan-an, a sì ṣe é kí ó lè já ẹsẹ̀ ẹni tí ó bá tẹ̀ ẹ́. Èkejì ń fọ́n ìrìn wẹ́wẹ́ káàkiri, òun sì lè pa ènìyàn púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Òmíràn nínú wọn kò ju agolo tòmátì kékeré lọ.

Nínú ẹ̀yà àkọ́kọ́, ìpinnu àwọn tí ó ṣe é ni pé kí ó ṣe ènìyàn léṣe ju kí ó pa á lọ. Ìṣirò wọn ni pé bí ọmọ ogun kan bá kú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè máa lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń ké ìrora nílẹ̀, ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta ni yóò gbé e, dókítà yóò sì fi iṣẹ́ mìíràn sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Ìṣirò yìí ni ó wà nínú ìwọ̀n ẹ̀tù tí wọ́n fi sí i. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ kò mọ bàtà ọmọ ogun yàtọ̀ sí ẹsẹ̀ lásán obìnrin tí ń lọ pọn omi. Ọdẹ ilẹ̀ wa tí ó dẹ tàkúté mọ ibi tí ó dẹ ẹ́ sí. Bí ó bá jẹ́ ọmọlúàbí, a fi àmì sí ojú ọ̀nà kí aládùúgbò má baà kó sí i, a sì padà lọ wò ó. Ẹni tí ó rì àdó olóró mọ́lẹ̀ lè kú sójú ogun, ó lè gba ìlú mìíràn lọ, ó sì lè gbàgbé. Ọ̀pọ̀ wọn kò ya àwòrán ibi tí wọ́n rì í sí.

Ìgbà wo ni ó bẹ̀rẹ̀? Àwọn ènìyàn ti ń rì ẹ̀tù mọ́lẹ̀ de ọ̀tá láti ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún, ní ilẹ̀ Ṣáínà àti ní Yúróòpù. Ṣùgbọ́n èyí tí ó jọ ti òde òní jùlọ jáde nínú ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1862, ní agbègbè Yorktown ní ìpínlẹ̀ Virginia, ọ̀gágun kan láti apá Gúúsù, Gabriel Rains, rì àdó sí ojú ọ̀nà tí ẹsẹ̀ ọ̀tá yóò gbà. Ohun tí ó yẹ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn ṣàkíyèsí ni ìhà tí àwọn jagunjagun fúnra wọn kọ sí i. Ọ̀gágun Longstreet, tí òun náà jẹ́ ará Gúúsù, kọ̀ kí a lò ó nítorí pé kò bá ìwà ológun mu. Ní apá Àríwá, ọ̀gágun McClellan mú àwọn ará Gúúsù tí ó wà ní ìgbèkùn lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n hú u jáde. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni ìbéèrè ti wà nílẹ̀: ta ni yóò hú ohun tí a rì?

Nínú Ogun Àgbáyé Kìíní, ọkọ̀ ogun onírin jáde, àwọn ará Jámánì sì bẹ̀rẹ̀ sí í rì àdó ńlá mọ́lẹ̀ láti fọ́ ọ. Àdó ńlá yìí le láti bú lábẹ́ ẹsẹ̀ ènìyàn, nítorí náà àwọn ọmọ ogun ọ̀tá lè rìn wọ inú oko àdó ní òru, kí wọ́n hú u, kí wọ́n sì lọ rì í sí ibòmíràn láti fi bá ẹni tí ó ni í jà. Kí wọ́n má baà lè ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi àdó kéékèèké ṣọ́ àwọn ńlá. Bí àdó tí a ṣe fún ẹsẹ̀ ènìyàn ṣe gbòòrò nìyẹn nínú Ogun Àgbáyé Kejì: ìránṣẹ́ ni, ó ń ṣọ́ ọ̀gá rẹ̀. Kò pẹ́ tí ìránṣẹ́ náà fi di ọ̀gá fúnra rẹ̀.

Ní aṣálẹ̀ El Alamein ní ilẹ̀ Íjíbítì, ní ọdún 1942, àwọn ọmọ ogun Jámánì àti Ítálì tí Rommel ń darí rì àdó tí ó lé ní 400,000 sí iwájú ibùdó wọn. Ọ̀gágun kékeré kan láti ilẹ̀ Poland, Józef Kosacki, tí ó sá àsálà wá sí Britain, ti ṣe ẹ̀rọ kan tí ènìyàn kan lè gbé lọ́wọ́, tí yóò máa dún bí ó bá ti gbóòórùn irin lábẹ́ ilẹ̀. Ẹ̀rọ náà ran àwọn ọmọ ogun Britain lọ́wọ́ láti la ọ̀nà kọjá nínú aṣálẹ̀ náà. Èsì tí ó tẹ̀lé e burú. Àwọn tí ń ṣe àdó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ irin kúrò nínú rẹ̀. Ní ọdún 1942 kan náà, Jámánì ń fi àpótí pákó ṣe é. Lẹ́yìn náà wọ́n lo dígí. Lẹ́yìn ogun, ike ni gbogbo ayé gbà. Pákó a máa jẹrà, ṣùgbọ́n ike kì í tètè jẹrà. Ìdí nìyí tí àdó tí a rì ní àádọ́ta ọdún sẹ́yìn fi lè dúró nínú ilẹ̀ títí di òní láìyí padà, tí ẹ̀rọ tí ń wá irin sì lè kọjá lórí rẹ̀ láìdún.

Láti ọdún 1960 lọ, ìyípadà mìíràn dé. Wọ́n kò rì í mọ́ nìkan. Wọ́n ń fi ọkọ̀ òfuurufú dà á sílẹ̀ bí ẹni ń fúnrúgbìn. Amẹ́ríkà ṣe bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Laos nígbà ogun Vietnam. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun Soviet ṣe bẹ́ẹ̀ ní Afghanistan láàárín ọdún 1979 sí 1989, pẹ̀lú àdó kékeré oníke tí ó ní ìyẹ́ bíi labalábá kí ó lè rọra balẹ̀. Àwọn ọmọdé ṣe bí ohun ìṣeré ni, wọ́n ń mú un lọ́wọ́. Láti ìgbà yẹn, kò sí àwòrán oko àdó mọ́, nítorí pé ẹni tí ó dà á láti òkè kò mọ ibi tí ó bọ́ sí. Owó rẹ̀ náà kò tó nǹkan. Àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè Àgbáyé ti sọ ọ́ pé àdó kan lè má ju dọ́là mẹ́ta lọ láti rà, nígbà tí híhú ọ̀kan jáde ń ná ènìyàn ní 300 sí 1,000 dọ́là.

Ní ilẹ̀ Áfíríkà, ẹ̀kọ́ tí ó hàn jùlọ wà ní Mozambique. Àwọn Potogí rì í nígbà ogun òmìnira tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1964, pàápàá ní àyíká ìdídò Cahora Bassa. Ìjọba Rhodesia rì í gba ẹnu ààlà. Lẹ́yìn òmìnira, nínú ogun tí ìjọba Frelimo àti ẹgbẹ́ Renamo bá ara wọn jà, apá méjèèjì rì í sí ojú ọ̀nà, sí ìdí òpó iná, sí etí kànga àti sí àyíká abúlé. Wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà ní ìlú Róòmù ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún 1992. Àwọn tí ó sá lọ sí Malawi àti ibòmíràn bẹ̀rẹ̀ sí í padà sílé gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọ Kétu ti padà ní 1893. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti wọn kò gbà wọ́n. Ẹni tí ó padà sí oko bàbá rẹ̀ kò mọ̀ bóyá ọkọ́ tí òun gbé sókè ni yóò kẹ́yìn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2015 ni ìjọba Mozambique tó lè kéde pé wọ́n ti hú gbogbo èyí tí wọ́n mọ̀ tán. Ogún ọdún ó lé mẹ́ta ni ogun fi ń bá a lọ lábẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn tí ó ti parí lórí ilẹ̀.

Àwọn tí ó ṣiṣẹ́ náà pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan wà nínú wọn tí àwa Yorùbá mọ̀ dáadáa. Ní ọdún 1997, ará Belgium kan, Bart Weetjens, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí à ń pè ní APOPO, ibùdó rẹ̀ sì wà ní ìlú Morogoro ní Tanzania. Òkété ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, ẹ̀yà tí ó jẹ́ ìbátan òkété oko wa. Òkété fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ó lè gun orí àdó tí kò sì ní bú. Imú rẹ̀ sì ń gbóòórùn ẹ̀tù fúnra rẹ̀, nítorí náà kò sí ohun tí ó kàn án bóyá irin ni àpótí rẹ̀ tàbí ike. Ilẹ̀ tí ó fẹ̀ tó pápá ìṣeré tẹ́níìsì, òkété kan lè yẹ̀ ẹ́ wò ní ìwọ̀n ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹni tí ó gbé ẹ̀rọ irin lè lo ọjọ́ mẹ́rin lórí rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, Magawa, tí a bí ní Tanzania tí ó ṣiṣẹ́ ní Cambodia, gba àmì ẹ̀yẹ wúrà ní Britain ní ọdún 2020, lẹ́yìn náà ó kú ní oṣù kìíní ọdún 2022. Nínú òwe àwọn baba wa, òkété ni ọ̀dàlẹ̀ tí ó bá Ifá mulẹ̀ tí ó sì da Ifá. Ní Mozambique àti Cambodia, òun ni ó ń bá ènìyàn tún ilẹ̀ ṣe, ènìyàn sì ni ó da ilẹ̀.

Ta ni ó gbé ọ̀rọ̀ yìí dé iwájú òfin? Àwọn tí ń tọ́jú aláìsàn ni ó kọ́kọ́ pariwo. Ní ọdún 1982, àwọn dókítà Faransé tí ń ṣiṣẹ́ láàárín àwọn ará Cambodia tí ogun lé wá sí Thailand rí i pé àwọn tí ó pàdánù ẹsẹ̀ kò níye, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ Handicap International sílẹ̀ ní ìlú Lyon láti máa ṣe ẹsẹ̀ àtọwọ́dá fún wọn. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé bí wọ́n ti ń ṣe ẹsẹ̀ kan, òmíràn ń já. Ní ọdún 1992, ẹgbẹ́ mẹ́fà para pọ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìpolongo pé kí gbogbo ayé fi òfin de àdó yìí. Jody Williams, obìnrin ará Amẹ́ríkà, ni ó ṣe alákòóso wọn. Ní ọjọ́ 3 àti 4 oṣù kejìlá ọdún 1997, orílẹ̀-èdè 122 fọwọ́ sí àdéhùn náà ní ìlú Ottawa ní Kánádà. Ọdún yẹn náà ni ìpolongo yìí àti Jody Williams jọ gba ẹ̀bùn Nobel fún àlàáfíà.

Àdéhùn Ottawa sọ pé orílẹ̀-èdè tí ó bá wọ inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ lo àdó yìí, kò gbọdọ̀ ṣe é, kò gbọdọ̀ tọ́jú rẹ̀ pamọ́, kò sì gbọdọ̀ tà á. Ó gbọ́dọ̀ run èyí tí ó wà nínú àká rẹ̀ láàárín ọdún mẹ́rin, kí ó sì hú èyí tí ó wà nínú ilẹ̀ rẹ̀ láàárín ọdún mẹ́wàá. Kí àdéhùn náà tó lè di òfin, ogójì orílẹ̀-èdè ni ó gbọ́dọ̀ fi òǹtẹ̀ ìjọba lù ú. Burkina Faso, aládùúgbò wa, ni ó ṣe ìkẹrìnlélógójì dín mẹ́rin, ìyẹn ogójì géérégé, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1998. Benin ṣe tirẹ̀ ní ọdún kan náà, Togo ní ọdún 2000, Nàìjíríà ní 2001. Òfin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 1999. Àwọn alágbára kan kò wọ inú rẹ̀: Amẹ́ríkà, Rọ́ṣíà, Ṣáínà, Íńdíà àti Pakistan. Síbẹ̀ àwọn tí ó wọ inú rẹ̀ ti run àdó tí ó lé ní mílíọ̀nù 55 tí wọ́n ti kó pamọ́. Ní ìlú Ouidah níhìn-ín, Benin àti Faransé jọ dá ilé ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀, CPADD, níbi tí àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ti ń kọ́ bí a ṣe ń hú àdó láìfi ẹ̀mí ṣòfò.

Ẹnìkan lè rò pé ìtàn ti parí síbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2023 nìkan, àwọn tí ń ṣe ìṣirò fún ìpolongo náà ka ènìyàn 5,757 tí àdó abẹ́lẹ̀ àti àwọn àjẹkù ohun ìjà pa tàbí tí wọ́n ṣe léṣe káàkiri ayé. Nínú ọgọ́rùn-ún wọn, 84 kì í ṣe ọmọ ogun. Ní ilẹ̀ tiwa, àwọn agbésùnmọ̀mí tí ń rìn káàkiri Sahel kò nílò ilé iṣẹ́ ńlá kankan. Wọ́n ń fi ọwọ́ ṣe tiwọn. Ní oṣù kejì ọdún 2022, irú àdó bẹ́ẹ̀ pa àwọn ẹ̀ṣọ́ tí ń ṣọ́ ọgbà ẹranko W ní àríwá Benin. Agbègbè Savanes ní Togo ti mọ̀ ọ́n, ìpínlẹ̀ Borno ní Nàìjíríà sì ti mọ̀ ọ́n pẹ́. Àdéhùn Ottawa kò yọ èyí tí a fi ọwọ́ ṣe sílẹ̀: bí ó bá jẹ́ pé ẹsẹ̀ ènìyàn ni yóò mú un bú, òfin náà dè é.

Ní ọdún 2025, ọ̀rọ̀ mìíràn tún dé. Estonia, Latvia, Lithuania, Finland àti Poland kéde pé àwọn ń jáde kúrò nínú àdéhùn náà. Ẹ̀rù Rọ́ṣíà ni ó bà wọ́n lẹ́yìn ogun tí ó gbé wọ Ukraine. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn Kétu kò ní fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ìlú tí ọ̀tá ńlá bá wà ní ẹnu ààlà rẹ̀ mọ ìdí tí a fi ń gbẹ́ yàrà. Ṣùgbọ́n ìtàn kan náà ni ó yẹ kí ó dá wa lẹ́kun. Yàrà Kétu dúró níwájú ọ̀tá, kò sì lépa ọmọ onílé lẹ́yìn ogun. Àdó abẹ́lẹ̀ ṣọ́ ààlà Rhodesia, Rhodesia kò sì sí mọ́. Orílẹ̀-èdè tí ó rì í ti di ìtàn, ó sì ṣẹ́ku fún àwọn àgbẹ̀ tí kò sí ẹni tí ó bi wọ́n léèrè nígbà tí wọ́n ń rì í. Bí àwọn tí ó ń bẹ̀rù bá jáde kúrò nínú àdéhùn lónìí, kí ni a ó sọ fún ìjọba Sahel kan tí òun náà bá ní ẹ̀rù ń ba òun lọ́la?

Àwọn àgbà wa ń sọ pé ẹni tí ó bá da ilẹ̀ yóò bá ilẹ̀ lọ. Ilẹ̀ ni a fi ń mulẹ̀ nítorí pé gbogbo wa ni ó gbé ró, ọ̀rẹ́ àti ọ̀tá, olóògbé àti ọmọ tí a kò tíì bí. Ẹni tí ó bá rì ikú sínú rẹ̀ ti sọ ẹlẹ́rìí náà di ọ̀tá gbogbo ènìyàn.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ní ìbátan ní Kandi, ní Banikoara, ní Dapaong, ẹ bá wọn sọ ọ́ ní èdè tí wọ́n gbọ́: bí wọ́n bá rí ohun àjèjì lójú ọ̀nà tàbí nínú oko, wáyà, agolo, ike tí kò ní ìdí láti wà níbẹ̀, kí wọ́n má fọwọ́ kàn án, kí wọ́n má sọ òkúta lù ú. Kí wọ́n dúró, kí wọ́n padà gba ipa ẹsẹ̀ tí wọ́n gbà wá, kí wọ́n dá ọmọdé dúró, kí wọ́n sì lọ sọ fún baálé tàbí àwọn ẹ̀ṣọ́. Lẹ́yìn náà, kí àwa tí à ń kọ́ni ní ìtàn má jẹ́ kí ọdún 1999 di ọjọ́ lásán nínú ìwé. Ọdún yẹn ni ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, tiwa nínú wọn, gbà pé àdéhùn àlàáfíà kò tíì pé níwọ̀n ìgbà tí ẹni tí ó padà sílé kò bá lè fi ẹsẹ̀ lásán wọ oko bàbá rẹ̀.